Quarter Horse àbí Thoroughbred: Ìfiwéra fún Ẹni tó Fẹ́ Yan Ẹṣin Asáré

Bí wọ́n bá to American Quarter Horse kan àti Thoroughbred kan sí ẹnu ilẹ̀kùn ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí wọ́n sì ṣí i fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, Quarter Horse ni yóò sábà wà níwájú fún 400 mítà àkọ́kọ́, àmọ́ kí eré tó pé 1,200 mítà, Thoroughbred yóò ti bá a, yóò ti kọjá rẹ̀, yóò sì ti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ olùrà máa ń kọ́kọ́ bi olùtà, pé èwo ló yára jù, kò fi ní ìdáhùn títí a ó fi mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó àti irú iṣẹ́ tí ẹṣin náà máa ṣe. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó ti pinnu pé ẹṣin tó lè sáré lòun fẹ́, ṣùgbọ́n tí kò tíì mọ èyí tí òun máa mú, pàápàá àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Texas ṣe ibùgbé, ní agbègbè Houston àti Dallas, níbi tó jẹ́ pé Quarter Horse ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ẹṣin.

Èrò tèmi ni pé orúkọ irú ẹṣin nìkan kò tó láti fi yan ẹṣin. Ìlà ìdílé tí ẹṣin kan ti jáde láàárín irú tirẹ̀, àti iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ṣe, ló yẹ kí olùrà fi àkókò rẹ̀ yẹ̀ wò jù, torí pé Quarter Horse kan lè yàtọ̀ sí Quarter Horse mìíràn ju bó ṣe yàtọ̀ sí Thoroughbred lọ.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá

Ní Virginia àti Carolina, ní àwọn ọdún 1600, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ẹṣin díje, ṣùgbọ́n igbó ló yí wọn ká, wọn kò sì ní pápá gbalasa bíi ti ìlú tí wọ́n ti wá. Òpópónà abúlé tàbí ọ̀nà tààrà tí wọ́n la sínú igbó ni wọ́n ń lò, ẹṣin méjì ló sì sábà máa ń sá a lẹ́ẹ̀kan. Gígùn ọ̀nà náà kì í ju ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì lọ, èyí tó jẹ́ 402 mítà, ibẹ̀ sì ni Quarter Horse ti gba orúkọ. Ẹṣin tí wọ́n ń lò nígbà náà jẹ́ àdàlù: àwọn ẹṣin tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹṣin Sípéènì, tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Chickasaw, ni wọ́n fi gun àwọn tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1756, wọ́n kó akọ ẹṣin kan tí ń jẹ́ Janus wọ Virginia. Thoroughbred ni Janus, ọmọ-ọmọ Godolphin Arabian sì ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré kúkúrú.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àwọn olówó màlúù rí i pé ẹṣin tó lè fò gbéra láti ìdúró wúlò fún dídarí màlúù ju èyíkéyìí lọ, nítorí màlúù tó bá fẹ́ sá kúrò nínú agbo kì í fún ẹnikẹ́ni ní àkókò láti múra. Akọ ẹṣin kan tí wọ́n bí ní Kentucky ní 1843, tí wọ́n sì mú lọ sí Texas, ìyẹn Steel Dust, lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ darandaran fi ń pe gbogbo ẹṣin irú èyí kó tó di pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1940 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ American Quarter Horse Association sílẹ̀ ní Fort Worth. Wọ́n fi nọ́ńbà 1 nínú ìwé ìran pamọ́ fún akọ ẹṣin tó bá gbégbá orókè níbi àfihàn Fort Worth ní 1941, Wimpy, ẹṣin oko màlúù King Ranch, ló sì gbà á. Amarillo ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà wà báyìí, ẹṣin tí wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà náà ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà.

Thoroughbred ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akọ ẹṣin mẹ́ta tí wọ́n kó wá láti ìlà-oòrùn, Byerley Turk, Darley Arabian àti Godolphin Arabian, ni gbogbo wọn ń tọpa ìran bàbá wọn lọ bá, ìwé ìran wọn sì ti wà láti 1791. Ìwé náà ti pa. Bí bàbá àti ìyá ẹṣin kò bá sí nínú rẹ̀, ẹṣin náà kò lè wọ inú rẹ̀. Ìwé ti Quarter Horse kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ó ṣì sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ Thoroughbred títí di òní nípasẹ̀ apá kan tí wọ́n ń pè ní Appendix, tó wà fún ọmọ tí Quarter Horse àti Thoroughbred bá jọ bí. Ẹni tó bá tọ ìran Dash For Cash lẹ́yìn, ọ̀kan lára Quarter Horse asáré tó lókìkí jù lọ, tí wọ́n bí ní 1973, yóò rí i pé Rocket Wrangler ni bàbá rẹ̀, Rocket Bar ni bàbá Rocket Wrangler, Three Bars sì ni bàbá Rocket Bar. Thoroughbred ni Three Bars àti Rocket Bar. Nítorí náà, nígbà tí olùtà kan bá ń bú Thoroughbred nítorí kó lè ta Quarter Horse asáré tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yà kan náà ló ń bú tó sì tún ń tà.

Ìdúró àti ara

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn gíga ẹṣin, láti ilẹ̀ dé ibi tó ga láàárín èjìká níbi tí ọrùn parí sí. Ọwọ́ kan jẹ́ íńṣì mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i pé bí ìwé bá sọ pé ẹṣin kan ga ní 15.2, ọwọ́ 15 àti íńṣì 2 ló túmọ̀ sí, kì í ṣe ọwọ́ 15 àti ìdá kan nínú márùn-ún. Quarter Horse sábà máa ń wà láàárín 14.2 àti 16, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 147 sí 163, ó sì máa ń wọn kìlógíráàmù 430 sí 545. Thoroughbred wà láàárín 15.2 àti 17, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 157 sí 173, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ti Quarter Horse lọ bó ti wù kó ga tó. Ẹni tó bá fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí wéra yóò ti lóye ọ̀pọ̀ ohun: ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan kó tirẹ̀ jọ sí kúkúrú, èkejì na tirẹ̀ sókè.

Orí Quarter Horse kúrú, iwájú orí rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ki. Àyà rẹ̀ gbòòrò, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ìdí àti itan rẹ̀ sì yọ dáadáa débi pé bí ẹ bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ (ní ọ̀nà jíjìn o), ìdí rẹ̀ yóò dà bíi pé ó fẹ̀ ju ìyókù ara rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Láti ìdúró, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló fi ń ti ilẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì yára. Ọrùn Thoroughbred gùn, àyà rẹ̀ jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì lè máa bá a lọ lórí irú ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú iṣan, ìyàtọ̀ náà tún jinlẹ̀. Iṣan tó ń sún kì lọ́gán ṣùgbọ́n tó tètè ń rẹ̀ ló pọ̀ lára Quarter Horse. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní University College Dublin, tí Emmeline Hill ṣáájú wọn, fi hàn pé ìyàtọ̀ kékeré kan nínú jíìnì tó ń ṣàkóso bí iṣan ṣe ń tóbi lè sọ bóyá Thoroughbred kan máa ń ṣe dáadáa nínú eré kúkúrú tàbí eré gígùn: àwọn tó gba ẹ̀dà C láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wọn ni wọ́n wà fún kúkúrú, àwọn tó gba T láti ọ̀dọ̀ méjèèjì ni wọ́n wà fún gígùn, àwọn tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín. Ẹ̀dà C yìí ló gbilẹ̀ jù láàárín Quarter Horse, nítorí náà ohun tí àwọn ará Virginia ń fi ojú yàn ní òpópónà abúlé ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni lè fún un lórúkọ.

Ìyára: ẹ má ṣe gba nọ́ńbà gbọ́ kí ẹ tó bi í bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n

Ní 2009, ní pápá Sunland Park ní New Mexico, Quarter Horse tí ń jẹ́ First Moonflash sá 402 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 20.274. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 71 ní wákàtí kan. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, Thoroughbred tí ń jẹ́ Winning Brew sá irú ọ̀nà kan náà ní Penn National, ní Pennsylvania, ó sì wọ ìwé Guinness pẹ̀lú kìlómítà 70.76 ní wákàtí kan. Lójú ẹni tó bá wò ó lásán, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá. Nínú eré Quarter Horse, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, tí ẹṣin ṣì wà lórí ìdúró, ni aago ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé nínú eré Thoroughbred ní Amẹ́ríkà, ẹṣin sábà máa ń ti sáré díẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé First Moonflash fi gbogbo ìgbéra rẹ̀ sínú àkókò náà, ó sì tún gbégbá.

Nọ́ńbà kan tún wà tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo olùtà, pé Quarter Horse lè dé kìlómítà 88 ní wákàtí kan. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n góńgó ìyára ní ẹnu ìparí eré ni, kì í ṣe ìyára gbogbo eré, àwọn ààyò asáré ni wọ́n sì ti rí i lára wọn. Ẹṣin tí wọ́n ń fi ṣọ́ màlúù ní oko kò ní dé ibẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo òdìkejì. Ní 1973, Thoroughbred tí ń jẹ́ Secretariat sá eré Belmont Stakes, tó jẹ́ nǹkan bíi 2,414 mítà, ní ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 24, ó sì fi gígùn ẹṣin 31 ṣáájú èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà 60 ní wákàtí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí Quarter Horse tó lè ṣe irú rẹ̀. Eré ìṣẹ́jú àáyá 20 máa ń jẹ agbára tí ó ti wà nílẹ̀ nínú iṣan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ọ́síjìn tí ẹṣin ń mí sínú lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n bí eré bá ti kọjá ìṣẹ́jú kan, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ló ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni àyà jíjìn Thoroughbred ti ń san èrè. Eré tí wọ́n ń ṣètò fún Quarter Horse kì í kúrú ju nǹkan bíi 200 mítà, kì í sì í gùn ju nǹkan bíi 800 mítà lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, All American Futurity, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ruidoso Downs ní 1959, jẹ́ 402 mítà fún àwọn ẹṣin ọlọ́dún méjì. Ti Thoroughbred sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1,000 mítà.

Quarter Horse mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan

Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí olùrà dúró pẹ́ jù lọ, nítorí àwọn ìpolówó ẹṣin kì í sábà sọ ọ́.

Èkíní ni ti eré. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ Thoroughbred pọ̀ nínú rẹ̀, ìwé rẹ̀ á sì máa gbé nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní speed index, tí wọ́n ń fi wọn eré tí ẹṣin náà sá sí èyí tó yá jù tí àwọn mìíràn sá ní pápá kan náà àti lórí ọ̀nà kan náà láti bí ọdún mélòó kan. Ẹṣin tó bá ti kọjá 100 dára gan-an. Èkejì ni ti màlúù. Ó kúrú, ó rọ̀, ara rẹ̀ ò tóbi, ojú rẹ̀ sì mú. Ẹ̀kẹta ni ti àfihàn, tí wọ́n ń fi ìjánu mú síwájú adájọ́ kí wọ́n fi wo iṣan rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta yìí, kí n má parọ́, n kò lè gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ gùn ẹṣin. Ara rẹ̀ tóbi, pátákò rẹ̀ sì sábà máa ń kéré jù fún ẹrù tí ó ń gbé, bẹ́ẹ̀ pátákò kékeré lábẹ́ ara ńlá jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń fa kí egungun kékeré inú pátákò iwájú máa jẹ ẹṣin, tí yóò sì máa tiro.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹṣin màlúù lè ṣe kó lọ wo ìdíje cutting, ìyẹn yíya màlúù sọ́tọ̀ kúrò nínú agbo, ní Fort Worth, níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí tó tóbi jù. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni ẹlẹ́ṣin ní. Yóò rọra wọ inú agbo, yóò ya màlúù kan sọ́tọ̀, nígbà tí màlúù náà bá sì ti dá wà níwájú, yóò sọ ọwọ́ tó fi mú ìjánu kalẹ̀ sí ọrùn ẹṣin. Láti ìgbà náà, kò gbọdọ̀ darí ẹṣin náà mọ́. Ẹṣin náà á fi àyà rẹ̀ bálẹ̀, etí rẹ̀ á nà síwájú, á tẹjú mọ́ màlúù náà. Bí màlúù bá yà sọ́tùn-ún, ẹṣin ti wà níbẹ̀. Bí ó bá dúró, ẹṣin á fi ìdí jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á yí padà, á sì tún dúró dè é. Ìgbéra kan náà tí wọ́n fi ń sá 402 mítà ni, ṣùgbọ́n wọ́n gé e kéékèèké sí mítà mẹ́ta mẹ́rin. Thoroughbred tó bá lè ṣe èyí ṣọ̀wọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù, kò sì sí ohun tó ń sọ fún un pé kó máa wo màlúù.

Eré àgbá mẹ́ta, tí àwọn obìnrin ló ń ṣe é jù nínú rodeo, ìyẹn ìdíje àwọn darandaran, wà láàárín eré ojú pápá àti iṣẹ́ màlúù. Wọ́n á to àgbá mẹ́ta sí igun mẹ́ta, ẹlẹ́ṣin á sáré yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká láì bì í ṣubú, á sì sáré padà, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù sì sábà máa ń parí rẹ̀ ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 17 bí ìwọ̀n pápá bá péye. Quarter Horse ló gba ibẹ̀ kan. Scamper, tí Charmayne James ń gùn, gba ipò kìíní lágbàáyé ní ìgbà mẹ́wàá tẹ̀ léra, láti 1984 sí 1993, ní 1985 sì ni ìjánu rẹ̀ já lójú eré níbi àṣekágbá, tó sì parí eré náà láìsí ìjánu, tó tún borí. Ẹṣin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni.

Ìwà, àti ẹni tí yóò gùn ún

Quarter Horse balẹ̀. Àwọn darandaran tó yàn án kò ní àkókò fún ẹṣin tó ń fò nítorí ewé tó jábọ́, nítorí náà àwọn tó ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ kì í sábà di bàbá. Thoroughbred ń gbọ́ nǹkan kíákíá, ara rẹ̀ kì í gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bó sì jẹ́ pé pápá eré ló ti kúrò, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kí ó máa sá síwájú. Ó ṣeé tún kọ́, àwọn kan sì wà tí wọ́n dára lọ́pọ̀lọpọ̀ fún fífo orí igi àti fún eré tí ẹṣin ti ń sá gba inú igbó kọjá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn ni.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin, tàbí pé àwọn ọmọ yín ni yóò máa gùn ún, ẹṣin tí mo máa ní kí ẹ wá ni Quarter Horse ti ìlà màlúù, tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn rí. Ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta tó lẹ́wà, tí olùtà ní yóò "dàgbà pẹ̀lú ọmọ yín," ẹ jẹ́ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ tún ro ti ìwọ̀n ara: òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé ẹlẹ́ṣin àti gàárì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹṣin tó wọn kìlógíráàmù 500 lè gbé 100. Quarter Horse tó kúrú, tó sì ki, máa ń gbé ẹni tó sanra láìsí wàhálà ju bí gíga rẹ̀ ṣe fi hàn lọ.

Àìsàn ìdílé: ẹ béèrè fún èsì àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ yìí kan Quarter Horse jù, torí pé àwọn akọ ẹṣin díẹ̀ ló bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Èyí tó lókìkí jù ni HYPP, tí gbogbo rẹ̀ tọ̀nà lọ sọ́dọ̀ Impressive, akọ ẹṣin àfihàn tí wọ́n bí ní 1969, tí iṣan rẹ̀ wu àwọn adájọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀bùn léraléra. Jíìnì náà ń jẹ́ kí iṣan ṣàdédé máa gbọ̀n tàbí kó rọ, ẹṣin á ṣubú, ó sì lè kú. Láti 2007, ẹgbẹ́ náà kì í kọ orúkọ ọmọ tó bá gba jíìnì yìí láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹyọ kan ṣoṣo ṣì lè wọ ìwé, ó sì tún lè wà lọ́jà. Bí ẹ bá ti ra irú rẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ fún un ní koríko alfalfa tàbí omi ìrèké tó ki, torí pé pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú wọn.

HERDA ni ti àwọn ìlà màlúù, tí wọ́n ń tọpa rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Poco Bueno, ẹṣin tí olówó rẹ̀ fẹ́ràn débi pé wọ́n sin ín ní ìdúró ní oko Waggoner ní Texas. Awọ ẹ̀yìn ẹṣin tó bá ní in á máa bó lábẹ́ gàárì, kò sì ní í ṣeé gùn. Ẹ̀dà méjì ló ń fa àìsàn yìí, ẹ̀dà kan kì í pa ẹṣin lára, nítorí náà ẹṣin tó gbé ẹyọ kan kò burú láti gùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi bímọ, ẹni tó gbé e kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó gbé e pàdé. PSSM1, tí ń jẹ́ kí ìdí ẹṣin le gbagidi lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀, ṣeé fi oúnjẹ ṣàkóso bí ẹ bá dín sítáàṣì kù, tí ẹ sì ń jẹ́ kí ẹṣin náà rìn lójoojúmọ́. Irun gọ̀gọ̀ tàbí ìrù díẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ni ilé àyẹ̀wò nílò láti fi yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò. Olùtà tó bá ní òun kò mọ èsì, ẹ sọ fún un pé ẹ óò dúró dè é.

Thoroughbred kò ní wàhálà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀: pátákò rẹ̀ máa ń tinrin, awọ ara rẹ̀ tinrin, ọgbẹ́ inú sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń sáré. Oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ jù, torí pé ó ń jóná kíákíá. Quarter Horse lè sanra lórí koríko lásán, wàhálà ibẹ̀ sì ni pé kó má sanra jù. Ẹṣin tó wọn kìlógíráàmù 500 nílò nǹkan bíi kìlógíráàmù 8 sí 10 koríko gbígbẹ lójúmọ́, oníṣẹ́ pátákò sì gbọ́dọ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Owó ríra ẹṣin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bíbọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kéré.

Bí ẹ bá fẹ́ fi bímọ

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó lè fi owó fò. Ẹgbẹ́ Thoroughbred ní Amẹ́ríkà kò gba ọmọ kankan sínú ìwé àfi èyí tí akọ gun abo rẹ̀ gan-an, nítorí náà abo yín gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò lọ bá akọ. Ẹgbẹ́ Quarter Horse gba kí wọ́n fi àtọ̀ tí wọ́n mú wá nínú òtútù ṣe é, ó sì tún gba gbígbé oyún láti inú abo kan sínú òmíràn, kí abo tó ń díje má baà dá iṣẹ́ dúró nítorí oyún. Ohun tí wọ́n kò gbà ni ẹ̀dà, ìyẹn ẹṣin tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ẹṣin mìíràn ṣe; wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fi ti ẹgbẹ́ náà ṣe ní 2015.

Àwọn mìíràn tó sún mọ́ wọn

Appendix, tí mo ti mẹ́nu bà, ni mo rò pé ó bọ́ sí i jù fún ẹni tó fẹ́ ìgbéra Quarter Horse ṣùgbọ́n tó tún fẹ́ gíga àti ìṣísẹ̀ gígùn díẹ̀, pàápàá fún eré àgbá mẹ́ta tàbí fún fífo orí igi. Paint jẹ́ Quarter Horse tàbí Thoroughbred aláwọ̀ àbùlà ní ìran rẹ̀, ẹgbẹ́ tirẹ̀ sì dá dúró. Bí ẹ bá ra á nítorí àwọ̀ nìkan, ẹ yẹ àìsàn ìdílé wò bí ẹni tó ń ra Quarter Horse. Ẹṣin Lárúbáwá kéré, ó fúyẹ́, kì í sì í yára bíi tàwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà máìlì 100 bíi ti Tevis Cup ní California, òun ni yóò máa rìn nígbà tí àwọn tó kù ti wólẹ̀.

Nílé, ìyẹn ní Nàìjíríà, ìbéèrè náà yàtọ̀. Àwọn ẹṣin tí ìdílé Balógun ń gùn ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe Quarter Horse. Láti òkè ọya ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, ara wọn sì ti mọ́ oòrùn àti kòkòrò ibẹ̀ ju ẹṣin tó ti Amẹ́ríkà dé lọ. Eṣinṣin tsetse tó ń gbé àìsàn oorun ni kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ nínú igbó ìsàlẹ̀ láti ayébáyé, òun sì ni ìdí tí agbára ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ẹni tó bá ń ronú láti kó Quarter Horse wá sí Èkó fún pólò kó gbàgbé rẹ̀: eré pólò gba kí ẹṣin sá fún ìṣẹ́jú méje láìsinmi, kó sì tún padà wá lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ Thoroughbred sì ni wọ́n fi ń ṣe ẹṣin irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ tètè dé kí olùtà tó di gàárì, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe mú ẹṣin náà ní pápá, torí pé ẹṣin tí wọ́n ti rẹ̀ kí ẹ tó dé kò ní sọ ìwà rẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí olùtà kọ́kọ́ gùn ún. Ẹ sanwó fún dókítà ẹranko tí kì í ṣe ti olùtà, kí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò láti mọ̀ bóyá yóò tiro, kí ó ya àwòrán pátákò iwájú méjèèjì, kí ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn ìrora. Ẹ wo orúkọ olówó tó wà lórí ìwé ìran, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó ń gba owó yín ni, nítorí ẹgbẹ́ kì í yí ìwé padà sí orúkọ yín bí ẹni tí wọ́n mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó kò bá fọwọ́ sí i.